Igi Tí Wọ́n Ṣà, Igbó Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ igbó la fẹ́ sọ lálẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìgboro London ni mo fẹ́ gbà wọ inú rẹ̀.

Bí ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ bá lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò igi, tó ní òun ń wá pákó tí òjò kò ní tètè jẹ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n mú iroko jáde fún un. Bó bá béèrè pé kí ló tún wà, wọ́n lè dárúkọ idigbo. Bó bá jẹ́ òpó tí yóò dúró sínú omi òkun ló fẹ́, wọ́n á ní kó gba opepe. Kò sí èdè Gẹ̀ẹ́sì kankan nínú gbogbo èyí. Ìrókò, ìdígbó, òpèpè, àfàrà, àbùrà, àyàn: orúkọ tí àwọn baba wa sọ igi wọn ni wọ́n kó lọ pẹ̀lú ìtì, orúkọ náà ni ọjà àgbáyé sì fi ń pè wọ́n títí dòní. Ti obeche, ẹnu àwọn ará Ẹ̀dó ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Àrẹ̀rẹ̀ ni àwa ń pè é. Sapele sì rèé, orúkọ ìlú kan létí omi ní ìpínlẹ̀ Delta ló di orúkọ igi.

Igi tí orúkọ rẹ̀ dé London báyìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nílé níbí kò mọ̀ ọ́n lóòró. Ara ilẹ̀kùn ni wọ́n ti mọ ìrókò. Mo bi àwọn ọ̀dọ́ kan láìpẹ́ yìí bóyá wọ́n ti rí ọ̀gànwó rí. Ọ̀kan nínú wọn ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa, pé ó wà ní ìsọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ. Kò parọ́. Èèpo rẹ̀ ló rí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Bí a bá dárúkọ gẹdú ayé òyìnbó, iye igi tó wó lulẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń kà. Èmi kò ka iye yẹn sí bàbàrà. Igbó ti ń rí àáké láti ayé àwọn baba ńlá wa, ó sì ń bọ̀ sípò. Ibi tí ọ̀ràn ti wọ́ ni pé àwọn òyìnbó wo igbó tí irú igi inú rẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n ṣa ìwọ̀nba tí ọjà wọn mọ̀, wọ́n sì ka ìyókù sí pàǹtí. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn, inú ìṣirò yẹn ló ti jáde.

Ká tó sọ ti gẹdú, ti rọ́bà ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ. Kì í ṣe rọ́bà inú oko ńláńlá ti ìsinsìnyí o. Ìrẹ́ ni mò ń wí, igi inú igbó wa tí oje rẹ̀ funfun bíi wàrà. Lọ́dún 1894 ìjọba Èkó mú àwọn tó mọṣẹ́ wá láti Gold Coast, tó ti di Gánà báyìí, kí wọ́n wá fi bí wọ́n ṣe ń gba oje náà han àwọn ènìyàn wa. Nígbà tó fi máa di 1895, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde lọ́dún kan ṣoṣo ju mílíọ̀nù 5 páùn lọ. Ẹ fojú inú wo bí àwọn ènìyàn ṣe rọ́ wọgbó. Wọ́n ń ha igi láti ìdí dé òkè, yíká-yíká, wọn kò jẹ́ kí ọgbẹ́ jinná kí wọ́n tó tún dá òmíràn sí i. Àwọn kan tilẹ̀ gé igi náà lulẹ̀ kí oje lè tètè dà. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ìrẹ́ ti kú lọ rẹpẹtẹ, òwò náà sì wó. Ọwọ́ tiwa ló mú ọ̀bẹ o. Ọjà ló jẹ́ tiwọn.

Ẹ̀rù ba ìjọba. Ní 1899 wọ́n ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀ létí odò Ògùn, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ó sì di igbó ìjọba àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 1901, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Ìbàdàn. Ní 1903 ni H. N. Thompson dé láti Bọ́mà, láti wá ṣe olórí iṣẹ́ igbó ní Gúúsù Nàìjíríà. Ohun tí òyìnbó ti fi igi tíìkì kọ́ níbẹ̀ ló gbé wá síbí: kí wọ́n pín igbó sí abala-abala, kí wọ́n ta ìwé àṣẹ fún ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gé, kí wọ́n wọn ìdí igi kí àáké tó kàn án, kí wọ́n sì fi òòlù tẹ àmì sára kùkùté àti ìtì. Owó orí igi, ìjọba mú nínú rẹ̀, ilé ìṣúra àwọn ọba náà mú nínú rẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ wá rí i pé kódà ìrókò tó wà nínú oko òun fúnra rẹ̀, àfi kí òun gba àṣẹ kí òun tó lè gé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. A óò padà sídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀gànwó kan ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó mọ igbó ló ń kọ́kọ́ wọlé lọ wá a. Ọ̀gànwó tó tó gé kì í pọ̀ lójú kan. Èèyàn lè rìn jìnnà kó tó tún rí ìkejì. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á fi okùn wọn ìdí rẹ̀. Igi ńlá a máa yọ apá sílẹ̀ ní ìdí bí ògiri, àáké kò sì ṣeé lò níbẹ̀, nítorí náà wọ́n á fi ọ̀pá àti okùn kan àtẹ́gùn yí i ká, àwọn agégi á gun orí rẹ̀, wọ́n á dúró lókè níbi tí ara igi ti rí róbótó, wọ́n á wá máa gbé àáké sọ láti àárọ̀. Nígbà tí igi náà bá ń bọ̀, kì í dá wá. Ìtàkùn ti so orí rẹ̀ mọ́ ti igi mìíràn, yóò wọ́ wọn dání. Ẹ̀ka rẹ̀ yóò sì lu àwọn ọmọ igi tó ń dàgbà bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ pa. Oòrùn tí kò dé ilẹ̀ yẹn láti ọjọ́ pípẹ́ á wá là wọlé gbòò. Kùkùté gíga yẹn kò ṣeé tà, orí àti ẹ̀ka kò ṣeé tà, bí inú ìtì bá sì ní ihò, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò jókòó sí, olú á máa hù lára rẹ̀.

Èyí tó bá dára, ó di ohun tí wọ́n ń fà. Wọ́n á la ọ̀nà láti ìdí igi dé odò, wọ́n á to igi róbótó-róbótó sílẹ̀ kí ìtì lè máa yí lórí rẹ̀, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọkùnrin á so okùn mọ́ ọn, orin á sì máa lọ. Bí wọ́n bá dé etí odò, òjò ni wọ́n ń dúró dè. Bí omi kò bá kún lọ́dún yẹn, kòkòrò ni yóò jẹ ìtì náà. Bí omi bá kún, wọ́n á di ìtì mọ́ra wọn lórí omi. Èyí tó wúwo tí yóò rì, wọ́n á so ó mọ́ èyí tó fúyẹ́ kó lè gbé e. Àwọn Ìlàjẹ mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Ẹni tó bá ti gba afárá Third Mainland kọjá l'Ékòó, tó sì bojú wo ọ̀ọ́kán Òkòbàbà ní Èbúté Mẹ́tta, ti rí ìtì tó léfòó lójú ọ̀sà bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, katakata gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fa ìtì. Ó yára ju ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló jìyà rẹ̀. Ilẹ̀ igbó rọ̀, ewé jíjẹrà ló kún inú rẹ̀. Katakata tẹ̀ ẹ́ títí tó fi le bí ojúde, omi òjò kò ráyè wọlé mọ́, ńṣe ló ń ṣàn wọ odò tòun ti erùpẹ̀ ọlọ́ràá. Ọmọ igi kì í tètè hù lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà náà kò sì pa dé lẹ́yìn tí onígẹdú bá kúrò. Ọdẹ gba ibẹ̀ wọlé, àgbẹ̀ sì tọ ọdẹ lẹ́yìn pẹ̀lú irúgbìn kòkó. Igbó Oǹdó tí kò sí lábẹ́ ìjọba, bó ṣe di oko nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ìṣà tí mo ní ó burú jù. Àgbẹ̀ gidi kì í se àgbàdo rẹ̀ tó dára jù lọ jẹ. Òun ló ń so kọ́ sókè àdògán, kí èéfín máa ta á, nítorí ọdún tó ń bọ̀. Onígẹdú kò ṣe bẹ́ẹ̀. Igi tó ga jù, tó nà jù, tí inú rẹ̀ kò níhò, òun ló ń lọ London. Èyí tó wọ́, èyí tó dípẹtà, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa bímọ fún igbó.

Ti ìrókò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbin ìbẹ́pẹ mọ̀ pé akọ ìbẹ́pẹ wà, òdòdó lásán ló ń yọ, kì í so. Bí ìrókò ṣe rí nìyẹn. Akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé àtíkè òdòdó akọ lọ bá abo. Àdán àti ẹyẹ á jẹ èso rẹ̀, wọ́n á sì ya á síbi tó jìnnà. Onígẹdú kò wo akọ, kò wo abo. Bí ìdí bá ti tó ìwọ̀n, ó parí. Bí wọ́n bá wá fi abo kan sílẹ̀ níhìn-ín, tí akọ tó sún mọ́ ọn jù sì ti di ìjókòó ní ilé ọtí kan ní Liverpool, ta ni yóò bá a bí?

Àwọn òyìnbó inú iṣẹ́ igbó kì í ṣe òpè. Wọ́n rí i pé àfidípò kò sí, wọ́n sì gbìyànjú láti gbin ọ̀gànwó àti ìrókò ní ẹsẹẹsẹ bí ẹni gbin iṣu. Igbó fi ẹ̀kọ́ kọ́ wọn. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Phytolyma ya bo ọmọ ìrókò tó wà lójú kan náà. Ó ń yé ẹyin sára ọ̀mùnú, ibẹ̀ á wú bíi kókó, kókó náà á bẹ́, ọ̀mùnú á sì rà. Ti ọ̀gànwó, kòkòrò mìíràn ló ń gbẹ́ orí rẹ̀ wọlé nígbà tó ṣì kéré. Igi tó yẹ kó nà gbọnrangandan á wá pẹ̀ka nílẹ̀, kò ní wúlò fún pákó. Nínú igbó, ìrókò kan níhìn-ín, òmíràn lọ́nà jíjìn, kòkòrò kì í rí wọn bẹ́ẹ̀. Jíjìnnà síra wọn yẹn ni ààbò wọn.

Wọ́n wá yíjú sí àjèjì. Tíìkì ti wọ Olókèméjì láti 1902. Ní 1927 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan ní Sapoba, lẹ́bàá Benin, tí wọ́n ń pè ní taungya. Ọ̀rọ̀ Bọ́mà ni, oko orí òkè ló túmọ̀ sí. Wọ́n á fún àgbẹ̀ láyè nínú igbó ìjọba, yóò ṣán gbogbo ohun tó kù níbẹ̀, yóò gbin iṣu àti àgbàdo, yóò sì máa ro ìdí ọmọ igi tí ìjọba gbìn sáàárín wọn. Lẹ́yìn ọdún bíi méjì mẹ́ta, àgbẹ̀ á ṣí lọ síwájú. Àgbẹ̀ jẹun, igi dàgbà, ṣùgbọ́n ohun tó dàgbà yẹn kì í ṣe igbó. Ẹ wọ abẹ́ tíìkì lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kẹ́ ẹ wò ó: ewé gbígbẹ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló bo ilẹ̀, ó ń dúró de ẹni tó máa ṣáná. Ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín kò fẹ́ràn irú ibẹ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ẹkún ni, ni ọ̀rọ̀ gmelina. Ní 1937, èso igi gmelina dé Enúgu láti Ceylon, ìyẹn Sri Lanka òde òní. Èso koríko kan wà láàárín rẹ̀ tí kò sí ẹni tó rí i. Koríko náà hù. Èso rẹ̀ fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ń gbé e káàkiri, ojú ilẹ̀ tí wọ́n bá sì ṣí sílẹ̀ sí oòrùn ló ń wá. Ẹ kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn kan sọ ọ́ ní Akíntọ́lá, àwọn kan sọ ọ́ ní ewé Awólọ́wọ̀, oníkálukú pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò fẹ́. Lóòótọ́, bí àdá bá gé ènìyàn lóko, à ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì dá. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti gé igi ńlá, òun ló ń kọ́kọ́ débẹ̀, yóò sì bo ọmọ igi mọ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń jó bí ẹni pé wọ́n da epo sí i. Iná tí kì í wọ inú igbó tútù tẹ́lẹ̀ ti rí ọ̀nà gbà wọlé.

Mo ń bọ̀ wá síbi tó dùn mí jù. Ní 1944 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun kan nínú igbó ìjọba. Èrò wọn ni pé bí oòrùn bá wọlé díẹ̀díẹ̀, ọmọ ọ̀gànwó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò hù fúnra wọn. Ọgbọ́n wà nínú èrò náà. Báwo wá ni oòrùn yóò ṣe wọlé? Wọ́n gé ìtàkùn. Wọ́n wá lọ bá àwọn igi tí kò sí lórí ìwé ọjà, wọ́n ha èèpo wọn yíká, wọ́n da oró ásẹ́níìkì sójú rẹ̀. Igi náà á kú lóòró. Ewé á kọ́kọ́ rẹ̀, ẹ̀ka á máa já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo rẹ̀ á fi wó. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n fi ṣe é, lórí ilẹ̀ tó pọ̀ jọjọ.

Igi tí kò wúlò ni wọ́n pè wọ́n. Kò wúlò fún ta ni? Ìwé ọjà yẹn kò mọ igi tí a ń já ewé rẹ̀ ṣe egbòogi, kò mọ èyí tí ọ̀bọ ń jẹ èso rẹ̀, kò mọ èyí tí oyin ń sùn sí. Àrẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó padà di aṣíwájú nínú ìtì tí Nàìjíríà ń kó lọ sókè òkun lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹni díẹ̀ ló ń bi í léèrè nígbà tí gẹdú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n da oró sí: nígbà tí ọ̀gànwó tán lọ́jà, wọ́n ń wá wọn.

Kí ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀? Oòrùn wọlé ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ìtàkùn tí wọ́n gé padà hù ní ìlọ́po-ìlọ́po, ó gun orí igi tó kù, ó sì fi ọmọ igi ṣe ibùsùn. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni ètò náà kógbá sílé. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ṣírò pé igbó yóò fi sinmi kí àáké tó tún padà síbẹ̀. Láti 1944 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí 1960 tí wọ́n gbé ìjọba fún wa, ọdún 16 ni.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ igbó tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí tàn yín jẹ o. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n níbí. Lábẹ́ igbó Ìjẹ̀bú ni yàrà Sùngbọ́ Erédò wà, nǹkan bí kìlómítà 160 yíká, ọwọ́ ènìyàn ló wà á, igbó sì bò ó mọ́lẹ̀. Nínú igbó Okomu lẹ́bàá Benin, àwọn onímọ̀ walẹ̀ lábẹ́ igi ńláńlá, wọ́n rí èédú àti àpáàdì ìkòkò. Àwọn ènìyàn ti dáko níbẹ̀ rí, wọ́n ṣí lọ, igbó sì padà gba ilé rẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé oko kéré, igi ńlá ṣì yí i ká tí èso wọn lè fò wọlé, kò sì sí koríko Ceylon tó ń dènà.

Ká má purọ́ mọ́ òyìnbó. Àwọn kan nínú wọn mọ ohun tí wọ́n ń bàjẹ́. Ní 1946, nígbà tí oró ń pa igi níbòmíràn, wọ́n ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú igbó Omo ní Ìjẹ̀bú pé kí ẹnikẹ́ni má fi àáké kàn án. Bí kì í bá ṣe igbó ìjọba tí wọ́n là kalẹ̀, mi ò rò pé erin kan yóò kù ní apá ibẹ̀ lónìí, àwọn erin náà sì ṣì wà. Àwa náà kò mọ́wọ́ dúró lẹ́yìn òmìnira. Láàárín igbó Omo kan náà ni a ti ṣán igbó lulẹ̀ láti gbin gmelina, pé kí wọ́n fi ṣe bébà ní Ìwopin. Ní 1976 ìjọba fòfin de kíkó ìtì lọ sókè òkun. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kò tìtorí ìyẹn dákẹ́. Ibi tí àwọn baba wa fi òrìṣà ṣọ́, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75 péré ni, ó wà níbẹ̀.

Mo ní a óò padà sí ọ̀rọ̀ ìrókò inú oko. Òfin tó ní igi inú oko rẹ kì í ṣe tìrẹ ló kọ́ àgbẹ̀ kan lọ́gbọ́n burúkú. Ó mọ̀ pé bí ìrókò yìí bá fi dàgbà, onígẹdú á gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba, á wó o lé kòkó òun lórí, owó tabua á sì gba ibòmíràn lọ. Kí ló máa ṣe? Á fà á tu nígbà tó ṣì wà ní ọmọ ewé mẹ́ta. Kò sí ẹni tó ka irú igi bẹ́ẹ̀ mọ́ èyí tí gẹdú pa.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ yín. Bí ọmọ ìrókò bá hù fúnra rẹ̀ nínú oko kòkó tàbí oko ẹ̀gẹ́ yín nígbà òjò yìí, ẹ yẹ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ro oko. Ẹ ri igi mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń bá yín ṣán oko lè rí i. Ẹ má kó wọn jọ sójú kan, kí kòkòrò má baà rí wọn. Ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ó tó. Ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín pé ẹ fi í sílẹ̀ ni, kì í ṣe pé ẹ gbàgbé.